Kúrunmí Kò Wọ Àǹkárá Rí

Ẹ wá ibì kan jókòó sí, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Bí ẹ bá ti wo eré Kúrunmí rí, ẹ bá mi rántí nǹkan kan: kí ni àwọn ọmọ ogun wọ̀? Mo lè fi fóònù mi ta tẹ́tẹ́ pé àǹkárá ni. Bùbá àǹkárá, ṣòkòtò àǹkárá, wọ́n wá to owó ẹyọ sí àyà, wọ́n so màrìwò mọ́ ọrùn ọwọ́. Ó parí. A ti dé ayé àtijọ́ nìyẹn.

Èmi ni wọ́n fi sídìí aṣọ nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèré akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ ṣe eré yìí. Òṣèré 24, àwọn kan nínú wọn máa yí aṣọ padà lẹ́ẹ̀mẹta, owó tí wọ́n sì kó lé mi lọ́wọ́ kò tó ra aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan. Ohun tí gbogbo èèyàn sọ fún mi ni pé kí n lọ ra àǹkárá tó pọ́ọ́kú, kí n rán an ní fífẹ̀, kí n máa lọ. Mo wá bi wọ́n pé, "Ṣé àǹkárá wà nígbà yẹn?" Ilé pa rọ́rọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà: Kúrunmí ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó fi Ìjàyè ṣe ibùjókòó. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, wọ́n fi Àrẹ̀mọ rẹ̀, Adélù, jọba. Kúrunmí ní kò jọ ọ́, pé àṣà ni kí Àrẹ̀mọ bá ọba lọ, kì í ṣe kó gorí ìtẹ́. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Kúrunmí kú ní 1861. Oṣù kẹta 1862 ni Ìjàyè fọ́. Ọlá Rótìmí ló sọ ọ́ di eré, wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1969, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1971.

Ó dáa. Àǹkárá ńkọ́?

Àwọn ará Jáfà, lápá ibi tí à ń pè ní Indonesia lónìí, ni wọ́n ń fi ìda ya aṣọ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró. Àwọn òyìnbó Nẹ́dálándì wò ó, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ Vlisco ti wà ní ìlú Helmond láti 1846. Àmọ́ ó di apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, nǹkan bí 1890 síwájú, kí irú aṣọ yẹn tó rí ọjà gidi ní etíkun wa níhìn-ín, Gold Coast ló sì ti gbòde ná. Nígbà yẹn, Ìjàyè ti fọ́ fún nǹkan bí 30 ọdún. Ọmọ ogun tó kú ní 1861 kò lè wọ aṣọ tí kò tíì dé ọjà.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ ní, "Ó dáa, ká lo àdìrẹ nígbà náà. Àdìrẹ ti pẹ́." Ó sáré wọlé, ó mú ọ̀kan jáde nínú àpótí màmá rẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ó rẹwà, aró rẹ̀ jinlẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ìbàdàndùn ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Rírẹ aṣọ láró ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àdìrẹ tí à ń sọ yìí, tí àwọn ìyá ń fi ẹ̀kọ ya sára aṣọ funfun pẹlẹbẹ tó ti òkè òkun wá, ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ló gbilẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Bí ẹ bá wo Ìbàdàndùn dáadáa, ẹ máa rí àwọn òpó kan tó dúró lẹ́sẹẹsẹ. Òpó gbọ̀ngàn Mápó ni. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó. Ìyẹn ni pé ìyàwó Kúrunmí máa ró gbọ̀ngàn Mápó mọ́dìí nínú Ìjàyè, ọdún 69 ṣáájú kí wọ́n tó ṣí i! Èyí tó wá burú jù: Ìbàdàn ló ń gbógun tì wọ́n. Ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun, àwọn Ìbàdàn ń yìnbọn, òun wá ró aṣọ tó ń kígbe pé Ìbàdàn dùn.

Bó bá jẹ́ èmi ni Kúrunmí, mo máa kọ obìnrin náà ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ. "Ṣebí eré ni. Ta ló ń wo aṣọ?" Gbogbo èèyàn ló ń wò ó. Aṣọ ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ojú rí kí òṣèré tó la ẹnu. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá kan pé báwo ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe ń múra, ohun tó rí nínú fíìmù ló máa sọ fún yín: màrìwò, ìhòòhò, owó ẹyọ, ojú tí wọ́n fi ẹfun kùn. Kò ní sọ sányán. Kò ní sọ ẹtù. Àwọn èèyàn tó ń hun òwú ṣẹ́dà tó gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, a ti bọ́ wọn sí ìhòòhò tán nítorí pé àǹkárá àti màrìwò pọ́ọ́kú.

Àti pé ta ló sọ pé àwọn òṣèré ayé àtijọ́ kì í ka aṣọ sí? Lọ́dún 1826, arìnrìn-àjò òyìnbó kan tó ń jẹ́ Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin ní kí àwọn eégún aláré ṣeré fún un. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Àwọn òṣèré jó nínú àpò. Erè ńlá jáde látinú àpò, ó ń wọ́, ó ń ká, bẹ́ẹ̀ èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, eégún kan bọ́ ìbòrí rẹ̀ sílẹ̀, òyìnbó ló yọ síta: funfun bí ìda, ó gbẹ bí igi, òtútù ń mú un, ó ń ra ọwọ́ pọ̀. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Clapperton alára gbà pé àwòrán náà jọ. Ẹ rò ó wò: òyìnbó mélòó ni wọ́n ti rí ní Ọ̀yọ́-Ilé nígbà yẹn? Síbẹ̀ wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n wo ìrìn rẹ̀, wọ́n sì ṣe é dé ibi tí ẹni tí wọ́n ń sín jẹ fi dá ara rẹ̀ mọ̀. Àwa wá jókòó sí yunifásítì, a ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún baba ara wa.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé gbogbo eré ló gbọ́dọ̀ jẹ́ bí ìtàn ṣe rí. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe Lánkẹ́ Ọ̀mu ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, Demas Nwoko ló ṣe ìtàgé àti aṣọ rẹ̀. Ìlú àwọn òkú àti igbó iwin ni ìtàn náà ń lọ, kò sẹ́ni tó mọ aṣọ tí iwin ń wọ̀, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ tú sílẹ̀ láti dá àrà tó bá wù ú. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n Kúrunmí kì í ṣe iwin. Ó gbé ayé, ó ní ìlú, àwọn tó fojú rí i kọ̀wé sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní iwin, kó yí orúkọ rẹ̀ padà.

Kí wá ni wọ́n wọ̀?

Kíjìpá ni mo kọ́kọ́ dé. Aṣọ tí àwọn obìnrin ń hun nínú ilé ni, lórí òfì tí wọ́n nà lóòró sára ògiri. Ó nípọn, ó ki, kì í tètè gbó, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ oko. Wọ́n lè fi í sílẹ̀ ní funfun, wọ́n sì lè rẹ ẹ́ láró. Aṣọ òkè tí àwọn ọkùnrin ń hun ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n á wá rán pọ̀, òun ni aṣọ ẹ̀yẹ. Ẹtù, tó dúdú bí aró tó jinlẹ̀, tí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ jọ ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Sányán, tí wọ́n ń fa òwú rẹ̀ lára ilé kòkòrò tó ń gbé orí igi, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ráúráú bí ilẹ̀. Àlàárì, èyí tó pupa, tí òwú ṣẹ́dà rẹ̀ ń ti apá Tírípólì gba aṣálẹ̀ wá sí Kánò, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ẹ ò rí i pé orí àwọn ràkúnmí ni àlàárì ti wá kó tó kan ejìká ìjòyè Ìjàyè. Ẹ wá fi àǹkárá rọ́pò ìyẹn!

Owó ẹyọ náà ní tiẹ̀. Owó ni, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. 40 ẹyọ jẹ́ okùn kan, 50 okùn jẹ́ egbèwá, ìyẹn 2,000, egbèwá mẹ́wàá ló sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Àwọn olórìṣà máa ń rán an mọ́ aṣọ òrìṣà, ó ní ìtumọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun lásán tó to owó ẹyọ 200 sí àyà, ẹ rò ó bí ẹni tó fi náírà lẹ ara rẹ̀ látòkè délẹ̀ tó ń lọ sójú ogun. Ohun tó wà lára ọmọ ogun ni gbérí, oǹdè, tírà, ìgbàdí, àpò ẹ̀tù ìbọn. Òògùn ni wọ́n fi ń bo àyà.

Ibi tí mo ti wá rí wúrà gan-an ni ọ̀dọ̀ Samuel Johnson.

Gbogbo wa la mọ orúkọ ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas. Díẹ̀ nínú wa ló ti ṣí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gbà á gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n bí i ní Sierra Leone ní 1846, bàbá rẹ̀ kó wọn wá sí Ìbàdàn ní 1858 láti bá àwọn Hinderer ṣiṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run. Ẹ ṣe ìṣirò ọjọ́ orí rẹ̀: ọmọ nǹkan bí ọdún 14 ni nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn ló wà. Ọ̀nà etíkun dí, ebi pa àwọn tó wà ní ilé míṣọ́ọ̀nù títí wọ́n fi ń ta ẹrù ilé láti jẹun. Kì í ṣe ìtàn tí wọ́n sọ fún un nìkan ló kọ. Ọmọ náà wà ní ìlú tí àwọn ọmọ ogun ń gbà jáde. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó kú ní 1901, ìwé tó fọwọ́ kọ sọnù ní Lọ́ńdọ̀nù, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù. 1921 ló tó jáde. (Ìtàn ìwé yẹn alára tó eré orí ìtàgé, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná.)

Johnson sọ ohun tó ń jẹ́ Kakaǹfò fún wa láti orí dé ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi èèyàn jẹ Kakaǹfò, wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ 201 sí ìpàkọ́ rẹ̀, abẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ 201, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ 201. Irun tó bá hù lójú gbẹ́rẹ́ yẹn, wọn kì í gé e mọ́. Ó máa gùn, wọ́n á sì dì í, ó di àáṣó. Lórí, ó ní fìlà tí wọ́n ń pè ní Ojijiko, ìkó odídẹrẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ìrù rẹ̀ sì gùn dé ìbàdí lẹ́yìn. Ó ní bàǹtẹ́ awọ ẹkùn. Ó ní awọ ẹkùn tó gbọ́dọ̀ máa jókòó lé. Ó wá ní ọ̀pá kan tó ti ọwọ́ Aláàfin wá, ọ̀pá aṣẹ́gun.

Ẹ̀ṣọ́ mi, ẹ fojú inú wò ó. Ọkùnrin tó fá orí kodoro, àáṣó kan ṣoṣo ń mì ní ìpàkọ́, iná pupa kan ń ṣàn láti orí rẹ̀ dé ìbàdí. Ta ló nílò owó ẹyọ?

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn fa ìjà. Olùdarí eré wa fẹ́ kí Kúrunmí gbé idà. Ó ní jagunjagun tí kò gbé idà kò ní jọ jagunjagun lójú àwọn òǹwòran. Mo ṣí Johnson fún un: Kakaǹfò kì í gbé ohun ìjà lọ sójú ogun, ọ̀pá yẹn nìkan ló ń mú dání. Ọ̀gá ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, o fẹ́ ba eré mi jẹ́." Lọ́jọ́ kẹta, nígbà ìdánrawò, wọ́n gba idà lọ́wọ́ òṣèré náà láìsọ nǹkan kan, wọ́n fún un ní igi ìgbálẹ̀ tí a ti yọ ọwọ̀ kúrò. Ọkùnrin náà kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ kejì sí. Ó dúró. Ó dẹ́kun gbogbo fíforí-fọrùn tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ ogun tó yí i ká ló gbé ìbọn ṣakabùlà, òun nìkan ló dúró pẹ̀lú igi, ojú gbogbo wa sì lọ sára rẹ̀. Ọ̀gá ní kí a fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orí fífá náà fẹ́ di ẹjọ́. Ẹni tó ń ṣe Kúrunmí tọ́jú irun rẹ̀ bí ẹyin ojú. A bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Níkẹyìn, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló bá wa dá a lẹ́kun, òun ló sì fá a fúnra rẹ̀.

Fìlà ńkọ́? A ò lè lo ìkó odídẹrẹ́, ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Odídẹrẹ́ ti ń tán nínú igbó, láti 2017 ni àdéhùn àgbáyé sì ti fi òfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹkùn náà bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń pa adìyẹ ní ẹ̀yìn ọjà ló fún wa ní ìyẹ́ adìyẹ funfun lọ́fẹ̀ẹ́, odidi àpò ìrẹsì kan. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a sá a. (Àwọn tó ń gbé yàrá kejì kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.) A rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná tí a da aró pupa àti fínígà sí, kò gbọ́dọ̀ hó, tó bá hó ìyẹ́ á ká kò. Lẹ́yìn náà, a mú fìlà àtijọ́ kan, a rán aṣọ tó le mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìbàdí, a wá ń rán ìyẹ́ mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí ẹni ń fi koríko bo ilé, kí ìlà tòkè lè máa bo ojú òwú tìsàlẹ̀. Ìyẹ́ tó lé ní 600. Ìka mi méjì ni abẹ́rẹ́ gún tó wú.

Bàǹtẹ́ ẹkùn, bùláńkẹ́ẹ̀tì ọ̀kírìkà ni a fi ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ ya àmì ẹkùn, kì í ṣe tótó lásán o. Ó dà bí òrùka tó já, àárín rẹ̀ pọ́n díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Tótó lásán, ẹranko mìíràn nìyẹn.

Aṣọ àwọn ọmọ ogun ló gbówó jù, nítorí wọ́n pọ̀. Mo ra aṣọ òwú funfun tó rí ṣákaṣàka, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpò ìyẹ̀fun, mo gbé e lọ bá ìyá aláró kan ní Òṣogbo. Bí ẹ kò bá tíì rí i rí, ẹ lọ wò ó: aṣọ á jáde nínú ìkòkò aró, ewé tútù ni àwọ̀ rẹ̀, kò ní jọ aró rárá. Afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, á máa yí padà lójú yín, ó di búlúù. Bí ẹ bá ṣe ń tì í bọ̀ ọ́ sí ni ó ń jinlẹ̀ sí i. Mo ní kí Màmá ti ti àwọn ọmọ ogun bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ti àwọn balógun lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ti àwọn ìjòyè títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Láìsọ ọ̀rọ̀ kan, òǹwòran máa mọ ẹni tó ju ẹnì kan lọ. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ọ báyìí?" Mo ní kò sẹ́ni tó kọ́ mi mà. Wọ́n ní bí àwọn àgbà ṣe ń mọ olówó nìyẹn, nítorí aró kì í ṣe ọ̀fẹ́.

(Ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú: ẹ bá ẹni tó ń ṣe iná sọ̀rọ̀ kí ẹ tó rẹ aṣọ. Lábẹ́ iná pupa, aró di dúdú kirikiri. Gbogbo ìyàtọ̀ tí mo náwó lé lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá nínú ogun ìkẹyìn, àyàfi ìgbà tí a yí iná náà padà sí aláwọ̀ funfun tó rọ̀.)

Kúrunmí fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ẹtù gidi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ̀ jálẹ̀. N kò ní owó rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa ló ní ọ̀kan, àgbádá bàbá wọn. Mo lọ kúnlẹ̀.

"Ẹ ò ní gé e?"
"Rárá mà."
"Ẹ ò ní fọ̀ ọ́?"
"A ò ní fọ̀ ọ́ mà."
"Ẹ̀jẹ̀ yín tí ẹ máa ń dà sára, ẹ ò ní dà á sí i?"
Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń sọ ni omi pupa tí a fi ń ṣe ọgbẹ́. Mo ní rárá mà.

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Bàbá mi kò wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ kí wọ́n tó kú. Mo mọ gbogbo ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà." Wọ́n kà wọ́n fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbéyàwó, oyè, ìsìnkú. Lẹ́yìn náà wọ́n fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tú u nínú ìdì, òórùn káfúrà gba gbogbo yàrá.

Àgbádá yẹn wúwo. Òṣèré wa tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi aṣọ inú tí mo fi fóòmù nù ní ejìká gbé e dúró, n kò gún abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo mọ́ ẹtù náà. Mo rán aṣọ òwú méjì sábẹ́ rẹ̀ nítorí òógùn. A sì pín eré sí méjì: títí ìlú fi ń gbádùn, ẹtù ló wọ̀. Láti ìgbà tí ebi ti dé Ìjàyè, tó sì ń sún mọ́ ikú rẹ̀, a bọ́ ẹtù lára rẹ̀, a fi kíjìpá ṣákálá wọ̀ ọ́. Ìbẹ̀rù ìyá yẹn ló mú mi ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó jáde nínú kíjìpá yẹn lálẹ́ àkọ́kọ́, mo gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi sọ pé, "Háà, Bàbá ti tán."

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí Johnson kò ràn mí lọ́wọ́ lé lórí tó: àwọn obìnrin Ìjàyè. Ó sọ ti ìyàn tó mú nínú ìlú. Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tó ń gbé ibẹ̀ gba àwọn ọmọdé tó sá tọ̀ wọ́n, wọ́n kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n aṣọ wo ló wà lára ìyá tó fa ọmọ rẹ̀ lé míṣọ́nnárì lọ́wọ́? Fìlà Kakaǹfò ní àlàyé tó kún, ìró ìyá yẹn kò ní ìlà kan. Kíjìpá tó ti gbó ni mo fún wọn, mo fi òkúta fọ àwọn etí rẹ̀ títí ó fi ya. Obìnrin mẹ́rin, ìró mẹ́rin, kò sí gèlè, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, nítorí mo rò pé wọ́n á ti tà wọ́n jẹ.

A dá àgbádá padà ní ọjọ́ kejì tí eré parí. Ìyá gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní òógùn wà níbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n kò bínú. Wọ́n ní ìyẹn di ọjọ́ keje.

Bí ìyá àgbà yín bá ní ẹtù, sányán tàbí kíjìpá àtijọ́ nínú àpótí, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ogun Kírìjì la fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, n kò sì tíì mọ ohun tí Ògèdèngbé wọ̀.